Epo àti Ọ́ìlì Inú Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Èkó sí Ìbínní kọjá ní Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò lè ṣàì rí àwọn agbégilódò tí gẹdú kún ẹ̀yìn wọn bámúbámú. Ẹkùn igbó ni agbègbè náà. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń gé ìrókò, ọ̀gànwó, arère àti àfàrà níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àáké àti ayùn tí ọkùnrin méjì ń fà síwá sẹ́yìn ni a fi ń ṣe é, òógùn tí ó sì ń bọ́ kò kéré. Lónìí, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni ó gba ipò wọn. Andreas Stihl, ará Jámánì, tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Stuttgart ní ọdún 1926, wà lára àwọn tí ó sọ ẹ̀rọ yìí di ohun tí ayé mọ̀. Ní 1929 ni ó ṣe èyí tí ń lo epo bẹntiróòlù, ènìyàn méjì ni ó sì ń gbé e. Ó di 1950 kí ó tó ṣe èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá lò.

Ẹ́ńjìnnì ayùn yìí yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Ọkọ̀ ní àwo kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbé. Ayùn kò ní irú rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: agégi a máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ nígbà tí ó bá ń gé ìdí igi, a sì máa nà án sókè nígbà tí ó bá ń gé ẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì wà, yóò ti ṣàn kúrò níbi tí a ti nílò rẹ̀. Nítorí náà, inú epo gan-an ni a ń po ọ́ìlì mọ́. Bí epo bá ti ń ti inú kabúrétọ̀ bọ̀, ibi tí irin kiránkì ti ń yí ni ó kọ́kọ́ ń gbà kọjá kí ó tó gòkè lọ síbi tí yóò ti jóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ àwọn irin bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ayùn bá ń sáré tán pátápátá, kiránkì rẹ̀ lè yí ju ìgbà 12,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Irin tí ń yí báyìí kò lè fara da àìsí ọ́ìlì fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sàn ju ti aládùúgbò lọ, irú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni.

Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. A ṣe ọ́ìlì ọkọ̀ kí ó máa gbé inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kí ó jóná; bí a bá sun ún, eérú rẹ̀ a máa bo púlọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì tí a kọ 4T sí lára, tí àwọn ọlọ́kadà ń rà. Èyí tí a kọ 2T sí ni a ń wá. Síbẹ̀, ó kù síbì kan. Àwọn ará Ìlàjẹ tí ń gbé etí omi ní ìhà gúúsù ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi, ọ́ìlì tiwọn ni èyí tí a kọ TC-W3 sí lára. Omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì tiwọn lára. Atẹ́gùn lásán ni ó ń tu ti ayùn. Ti ayùn gbóná ju tọ̀hún lọ, ọ́ìlì ọlọ́mi kò sì tó o gbé, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Lára ìgò èyí tí ó yẹ ayùn ni a óò ti rí JASO FB, FC tàbí FD, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn ará Japan gbé kalẹ̀. FD ni ó ń jóná mọ́ tónítóní jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti iye ọ́ìlì, ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ ni adájọ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń ta ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ayùn òde òní ń fẹ́ ìwọ̀n ọ́ìlì 1 sí ìwọ̀n epo 50, èyí já sí mílílítà 20 nínú lítà epo kan. Àwọn ayùn àtijọ́ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Husqvarna ní 1 sí 50 fún ọ́ìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n 1 sí 33 fún ọ́ìlì mìíràn tí ó jẹ́ FB. Ìṣirò yìí kò le rárá fún ẹni tí ó ní kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25. Ìgò omi oní-50cl kan tí ó kún fún ọ́ìlì, nínú kẹ́ẹ̀gì epo kan, 1 sí 50 ni. Bí ó bá jẹ́ ìgò oní-75cl ni a lò, 1 sí 33 ni. Kí ìgò náà ṣáà ti gbẹ, kí ẹ̀kán omi má ṣe kù nínú rẹ̀. Ẹni tí ń fi ìdérí ìgò bù ú, tàbí tí ń fi ojú lásán wọ̀n ọ́n, kò lè wọ̀n ọ́n bákan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, owó epo ti ga sókè, ó sì rọrùn fún agégi láti rò pé ara ọ́ìlì ni òun yóò ti rí èrè díẹ̀. Èrè náà kì í pẹ́ kí ó tó di gbèsè. Písítọ́ọ̀nù a ha sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì a sì nọ́ọ̀kì láàárín igbó. Owó tí a óò fi ra méjèèjì ju owó ọ̀pọ̀ ìgò ọ́ìlì lọ, ẹni tí kò sì ní ayùn mìíràn yóò jókòó sílé.

Àwọn mìíràn a máa ṣe òdìkejì: wọ́n a da ọ́ìlì sí i ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n á ní ìkẹ́ ni àwọn ń kẹ́ ẹ̀rọ. Èéfín yóò pọ̀, ẹ̀dú yóò dí ihò èéfín, púlọ́ọ̀gì yóò sì dúdú, yóò lọ́ra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé ooru pàápàá lè pọ̀ sí i. Ihò kabúrétọ̀ kò ju bí ó ti mọ lọ: bí ọ́ìlì bá gba àyè nínú rẹ̀, epo tí ń kọjá yóò dín kù, atẹ́gùn yóò sì borí epo. Púlọ́ọ̀gì ni ó ń sọ òtítọ́. Bí orí rẹ̀ bá rí bí àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ó ti gbẹ, àdàpọ̀ dára. Bí ó bá funfun, ooru ti pọ̀ jù.

Ní pípò, a ó kọ́kọ́ da epo dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì, a ó da gbogbo ọ́ìlì sí i, a ó mì ín, kí a tó fi epo yòókù kún un, kí a sì tún un mì. Àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì a máa pa á láró kí a lè mọ epo tí a ti pò yàtọ̀ sí èyí tí a kò tí ì pò, nítorí pé epo lásán nínú ayùn ni ikú tí ó yá jù. Kí àdàpọ̀ má ṣe ju oṣù kan lọ nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ bu epo sí i nínú igbó, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a má ṣe mu sìgá nítòsí rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀.

Ihò kejì wà lára ayùn, ti ọ́ìlì ṣéènì, a kò sì gbọdọ̀ ṣi ìkan dà sínú èkejì. Ọ̀pọ̀ agégi ń da ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù tí a tú kúrò nínú ọkọ̀ sí i. Ẹ̀tù irin wà nínú rẹ̀, a sì máa jẹ irin tí ṣéènì ń gbà kọjá. A ṣe ihò méjèèjì ní ìwọ̀n tí epo yóò fi tán díẹ̀ ṣáájú ọ́ìlì ṣéènì. Bí epo bá tán tí ọ́ìlì ṣéènì sì ṣẹ́kù dé ìdajì, a jẹ́ pé kò ṣàn dé orí ṣéènì, kí a sì wá ohun tí ó dí ọ̀nà rẹ̀.