Fletcher Tí Mo Pè Ní Igi Ìdáná

Mo ti bú Darren Fletcher rí. Nílé ìwobọ́ọ̀lù tí a ti ń sanwó wo Manchester United n'Íbàdàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pariwo bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré: "Ta ló tún gbé igi ìdáná yìí wọlé?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í gé èèyàn bíi Ronaldo, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè bíi Scholes. Ó kàn ń sáré kiri àárín pápá ṣáá ni.

Dalkeith, nítòsí Edinburgh ní Scotland, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1984. Ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀ Scotland lọ́dún 2004; láti 1886 ni irú ọmọdé bẹ́ẹ̀ kò ti ṣe balógun wọn mọ́.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń bú u. Lóṣù Kẹwàá 2005, Middlesbrough na United ní 4-1, Roy Keane, balógun United, sì fìbínú sọ̀rọ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìròyìn ní Fletcher wà lára àwọn tọ́rọ̀ náà bá. Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìyà Middlesbrough yẹn, Fletcher forí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Chelsea, 1-0. Ogójì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì ni Chelsea ti gbá láìfìdí-rẹmi kó tó dọjọ́ náà. Mo ní èèṣì ni.

Ọdún 2009 ló là mí lójú. Lóṣù Karùn-ún, United ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé Arsenal lẹ́ẹ̀mẹta nílé wọn, àṣekágbá Champions League ti wọlé tán. Fabregas ti Arsenal sáré wọ iwájú gólì, Fletcher na ẹsẹ̀, ó sì kan bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa la rí i, àfi rẹfirí: pẹnáritì, káàdì pupa. Òfin UEFA kò sì gbà kéèyàn pẹjọ́ lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àṣekágbá dé ní Rome, Fletcher kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Xavi àti Iniesta ti Barcelona ń rìn láàárín pápá bí ẹni ń najú nínú ọgbà bàbá wọn. Barcelona gbá 2, United 0. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká: "Igi ìdáná yín dà?"

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà ó gbá méjì wọlé Manchester City, 4-3. Gólì tí Owen gbá gbẹ̀yìn fún United lẹnikẹ́ni ń rántí.

Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. A ní owó ti bà á jẹ́. Lóṣù Kejìlá 2011 ni United kéde pé àìsàn ulcerative colitis ló ń ṣe é. Ìfun ńlá máa ń wú, á dégbò, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní in á máa sáré lọ sílé ìgbẹ́ léraléra, á rù, okun á sì tán. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi pa mọ́ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ láàárín ọkùnrin? Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóṣù Kíní 2013. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, ní pápá Aston Villa, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọlé.

Ó lọ sí West Brom lọ́dún 2015, ó tún lọ sí Stoke. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 342 ló gbá fún United, ó gbá 80 fún Scotland, láìdé ife àgbáyé rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín, ẹ má wulẹ̀ sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kẹ́ ẹ máa mu àgbo lé e. Ẹ lọ rí dókítà. Ní tìrẹ, Fletcher, mo bẹ̀ ọ́, má bínú.