Ọwọ́ méjì ló ṣe é, ta ló jẹ̀bi? Ẹjọ́ Akamai àti Limelight

Ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti ibi kan ṣoṣo wá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, kí àwòrán àti fídíò rẹ̀ máa bọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà mìíràn tó súnmọ́ òǹkàwé. Tom Leighton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Daniel Lewin, ló dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2000 ni ìjọba fún ọgbọ́n náà ní páténtì, èyíinì ni àṣẹ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò ó láìgba ìyọ̀ǹda. Akamai, iléeṣẹ́ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀, ló ń fi ṣòwò. Lewin kò rí ẹjọ́ tó tìdí rẹ̀ yọ. Ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí àwọn apániláyà fi kọlu New York lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001.

Ní ọdún 2006, Akamai pe Limelight, abánidíje rẹ̀, lẹ́jọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni pé páténtì náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé ara wọn ni. Limelight kò ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ó fi fífi àmì sí àwòrán àti fídíò tí yóò gbé sílẹ̀ fún oníbàárà, ó kàn ń kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é ni.

Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin páténtì Amẹ́ríkà kò tètè gba irú òwe bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní 2008, ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí Limelight san owó tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Adájọ́ fagi lé e ní 2009. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè sẹ́yìn Akamai ní 2012, àmọ́ ní 2014 gbogbo adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé bí kò bá sí ẹni tó rú òfin náà fúnra rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó ti ẹlòmíràn sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ yóò kàn fi ìgbésẹ̀ kan lé oníbàárà lọ́wọ́ ni.

Kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún ìwé àdéhùn Limelight yẹ̀ wò: oníbàárà tí kò bá fi àmì sí i kò ní rí iṣẹ́ náà gbà, Limelight ló sì ń sọ bí yóò ti ṣe é àti ìgbà tí yóò ṣe é. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ oníbàárà di ti Limelight.

Ní 2016, Limelight gbà láti san mílíọ̀nù 54 dọ́là. Ó yí orúkọ padà sí Edgio ní 2022, ó wọko gbèsè ní 2024, Akamai ló sì ra àdéhùn díẹ̀ lára àwọn oníbàárà rẹ̀.