Ṣé o mọ̀? Ìwé ìtàn tí òǹkàwé ń yan ọ̀nà rẹ̀

Ní ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Bantam ní Amẹ́ríkà tẹ The Cave of Time, tí Edward Packard kọ, jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ Choose Your Own Adventure, ìyẹn àwọn ìwé ìtàn ọmọdé tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ jẹ́ akọni inú wọn, tí yóò yan ohun tí ó fẹ́ ṣe, tí yóò sì ṣí ojú-ìwé tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí, títí yóò fi kan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìparí tí ó wà níbẹ̀; 40 ni ti The Cave of Time. Èyí tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ ni Inside UFO 54-40, tí Packard kan náà kọ ní ọdún 1982: kò sí yíyàn kankan tí ó lè gbé òǹkàwé dé Ultima, pílánẹ́ẹ̀tì ìgbádùn inú ìtàn náà, bí kò ṣe pé ó pa àṣẹ ìwé tì, kí ó sì máa ṣí i kiri bí ó ti wù ú. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ parí ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n Chooseco, ilé-iṣẹ́ tí R. A. Montgomery, òǹkọ̀wé pàtàkì mìíràn nínú ọ̀wọ́ náà, dá sílẹ̀, ti tún ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ jáde.