Bí Nọ́ńbà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Gbẹ́ Irin

Ojú ibi tí béárìn ń jókòó lé lórí ṣáfúútì ló sábà máa ń jẹ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe gàrí ní Odò-Ẹrẹ̀, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà ní Kogi, mọ ohun tó kàn: jórinjórin á jó irin kún ibẹ̀, oníléètì á sì fá a títí béárìn yóò fi wọ̀ ọ́ ṣinṣin.

Nínú léètì, irin ló ń yí, ọ̀bẹ kì í yí. Oníṣẹ́ ń fi ọwọ́ yí wíìlì kékeré méjì: ọ̀kan ń ti ọ̀bẹ wọnú irin, èkejì ń gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí irin bá gún régé, ọwọ́ tó o. Bó bá tẹ̀ kọrọkọrọ, wíìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa yí, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn ti máa ń já.

Irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló dí John Parsons lọ́wọ́ ní ìlú Traverse City, ní Michigan, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Apá hẹlikọ́pítà ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Òun àti Frank Stulen, ẹnjiníà rẹ̀, yá ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣírò owó: wọ́n fi ẹ̀rọ IBM tó ń ka káàdì oníhò ṣírò àwọn ojú àmì tí ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dé. Ẹnì kan á máa pe nọ́ńbà sókè, àwọn méjì á máa yí wíìlì. Ẹ wo bí ìgbésẹ̀ tó kù ṣe kúrú tó! Bí èèyàn bá lè gbọ́ nọ́ńbà kó yí wíìlì, mọ́tò pẹ̀lú lè gbọ́ ọ kó sì yí i.

Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà fowó sí iṣẹ́ yìí ní 1949. Yunifásítì MIT ló parí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà han aráyé ní 1952. Orí bébà gbọọrọ tí wọ́n lu ní ihò ni wọ́n kọ àṣẹ sí, kọ́bọ́ọ̀dù tó ń ka àṣẹ náà sì gba àyè ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn 1970 ni kọ̀ǹpútà kéékèèké sọ ọ́ di ohun tí ilé-iṣẹ́ tí kò lówó tó ti ológun lè rà.

Àṣẹ náà kò ṣòro kà. G01 X25 Z-40 F0.2 ń sọ fún léètì pé: gbẹ́ lọ tààrà títí irin yóò fi ku mílímítà 25 ní ìbú, rìn dé mílímítà 40 sínú, kí o sì máa sún ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà bí irin bá ti yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọ Z-400 á rí bí ọ̀bẹ yóò ṣe lọ kọlu ẹnu tó di irin mú. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn pé ṣé ó dá a lójú.

Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí irú iṣẹ́ yìí. Ní 1980 ni wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ HMT ti Íńdíà, láti máa ṣe léètì gan-an. Ní Kogi tiwa yìí, ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ńlá tirẹ̀. Irin àti ẹ̀rọ kọ́ ló wọ́n wa jù, lójú tèmi. Àwọn tó mọ bí irin ṣe ń hùwà lábẹ́ ọ̀bẹ ló wọ́n. Etí ni oníṣẹ́ fi ń mọ̀ pé ọ̀bẹ ti kú, àwọ̀ ìfáfá irin ló sì ń sọ fún un pé eré ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ẹ béèrè bóyá ọmọ náà yóò mọ fẹ́níà àti màìkírómítà í kà, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ fá irin.