Ọpẹ́ Nínú Ohun Gbogbo



Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kò jìnnà sí ẹnu wa. Bí a bá béèrè àlàáfíà ènìyàn, "A dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ fi dáhùn, kí ó tó sọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore lónìí, a óò tún kí i ní òwúrọ̀ ọ̀la pé, "Ẹ ṣeun àná." Àwọn baba wa sì wí pé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, èmi kò wá kọ́ yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni àṣẹ tí Paulu Aposteli pa fún ìjọ Tessalonika, nínú Episteli Kìíní, orí 5, ẹsẹ 18, pé kí wọn kí ó máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Ǹjẹ́ opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ lè pa àṣẹ yìí mọ́? Ǹjẹ́ àgbẹ̀ tí eṣú jẹ oko rẹ̀ lè wá sí ìsìn Ìkórè láì ṣe àgàbàgebè? Ohun mẹ́ta ni èmi yóò sọ.

Èkínní: Ọpẹ́ kì í ṣe owó tí a fi ń ra oore mìíràn.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Òótọ́ ni èyí láàrin ènìyàn sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé Ọlọ́run, yóò sọ ìdúpẹ́ wa di òwò. Ẹlòmíràn a mú ọrẹ wá síwájú pẹpẹ, ọkàn rẹ̀ a sì máa ṣírò iye tí yóò padà bọ̀ wá bá a. Nínú Orin Dafidi 50, Ọlọ́run jẹ́ kí Israeli mọ̀ pé ebi kò pa Òun tí Òun yóò fi máa wojú wọn fún ẹran, nítorí tirẹ̀ ni gbogbo ẹran tí ń bẹ lórí òkè. Kí ni a lè fi fún Ẹni tí ó ni ohun gbogbo, tí yóò fi jẹ wá ní gbèsè?

Ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá nínú Luku 17. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó kígbe, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni a sì wẹ̀ mọ́ bí wọ́n ti ń lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó padà, ará Samaria sì ni. Kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò ní ohunkóhun láti béèrè mọ́: ara rẹ̀ ti dá. Kò padà nítorí oore kejì. Nítorí Ẹni tí ó ṣe oore ni ó ṣe padà. Àwọn mẹ́sàn-án gba ìwòsàn lọ sí ilé. Òun gba ìwòsàn, ó sì wólẹ̀ ní ẹsẹ̀ Ẹni tí ó wò ó sàn. Ìyàtọ̀ tí ọpẹ́ ń ṣe nìyí.

Èkejì: Ọpẹ́ kò pe búburú ní rere.

Nínú Ìṣe Àwọn Aposteli, orí 27, a kà nípa ọkọ̀ tí ìjì bá lójú òkun. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá sì pé tí wọ́n ti wà láì jẹun. Nígbà náà ni Paulu mú àkàrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú gbogbo wọn, ó bù ú, ó sì jẹ. Kò dúpẹ́ pé ìjì jà. Kò sọ fún àwọn atukọ̀ pé ìjì náà dára. Àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlérí Ọlọ́run pé ẹ̀mí kan kì yóò ṣòfò sì wà lọ́kàn rẹ̀. Inú ìjì ni ó wà. Oore Ọlọ́run ni ó ń dúpẹ́ fún. Òótọ́ ni pé Aposteli yìí kan náà sọ fún àwọn ará Efesu láti máa dúpẹ́ fún ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú orí kan náà ni ó ti ní kí wọn máa bá iṣẹ́ òkùnkùn wí. Ẹni tí ń bá òkùnkùn wí kò lè máa yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú jó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n nípá. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn náà wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rù àtisọdá òkun mú un gbìyànjú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa ní òru. Ní oṣù April ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther.

Ní ọdún 1837, ó kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà kan. Ẹ wo bí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí a kó o: ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún wí pé, ní ọ̀nà mìíràn, a ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Òwò ẹrú kò di ohun rere nítorí pé Ọlọ́run mú ohun rere jáde láti inú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá lọ sí ilé ọ̀fọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára fi ipá mú ẹni tí ń sọkún dúpẹ́ nítorí ikú. Èdè wa pàápàá ní ìkíni tirẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú." Olúwa wa sọkún lọ́nà ibojì Lasaru, ní ẹnu ibojì náà ni ó sì ti gbé ojú sókè tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba pé ó ti gbọ́ tirẹ̀. Omijé kò dí ọpẹ́ lọ́nà, ọpẹ́ kò sì sọ omijé di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ọpẹ́ a máa di iṣẹ́.

Òfin Mose, nínú Lefitiku 7, pàṣẹ pé kí a jẹ ẹran ẹbọ ọpẹ́ tán ní ọjọ́ náà gan-an, kí ohunkóhun má ṣe kù di òwúrọ̀. Ta ni yóò dá odindi màlúù jẹ tán ní ọjọ́ kan? Ó di dandan kí ó pe ẹlòmíràn sí i. Ọpẹ́ tí a tì mọ́ inú yàrá a máa bàjẹ́ bí ẹran àná.

Crowther kò ti tirẹ̀ mọ́ yàrá. Ó padà wá sí ilẹ̀ tí a ti tà á. Ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù August ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fi ojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n; ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samueli. Ó kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó túmọ̀ Episteli sí àwọn ará Romu, tí a tẹ̀ ní ọdún 1850, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú títí a fi ní odindi Bíbélì ní èdè wa. Oore tí a ṣe fún ẹnìkan di oúnjẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ohun tí ó kù ni kí a ṣe é. Ní alẹ́ òní, kí a tó sùn, kí olúkúlùkù dárúkọ oore kan ní pàtó níwájú Ọlọ́run, kí ó má ṣe fi "fún ohun gbogbo" bo ìgbàgbé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá wà nínú ìjì, kí ó wo àkàrà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó bu nínú rẹ̀ fún ẹnìkan tí kò ní. Opó náà lè ṣe èyí pẹ̀lú omijé lójú, àgbẹ̀ náà lè ṣe é pẹ̀lú agbọ̀n tí kò kún, Ọlọ́run kì yóò sì kọ ọrẹ wọn. Kí Ó fún wa ní ọkàn ará Samaria náà, tí ó mọ ọ̀nà àbọ̀. Àmín.