Owó orí, fàyàwọ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn libertarian

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, gbólóhùn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì: olè jíjà ni owó orí. Pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 800,000 náírà lọ kò ní san kọ́bọ̀ kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ olè yẹn ni mo fẹ́ tú wò, torí kì í ṣe èébú lásán. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú kan ló wà nídìí rẹ̀, ti àwọn tí wọ́n ń pè ní libertarian. Ọ̀kan lára wọn ni Javier Milei, Ààrẹ Ajẹntínà, tó sọ ajá rẹ̀ ní Murray nítorí Murray Rothbard, àgbà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí wọ́n dì mú kò le. Ìwọ lo ni ara rẹ. Ohun tí o fi òógùn ojú rẹ ṣe, tìrẹ ni, ẹni tó bá sì wù ọ́ lo lè tà á fún. Ẹni tó bá fi ipá gbà á, olè ni, ìbáà wọ aṣọ ìjọba. John Locke ti ń sọ irú rẹ̀ láti 1689, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti fowó sínú ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra ẹrú ní etíkun wa. Ní 1974 ni Robert Nozick, olùkọ́ ní Harvard, wá fa okùn náà le: ó ní kí a gba owó orí lára owó iṣẹ́ ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí a fi ipá kó o ṣiṣẹ́.

Yewa, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, gan-an ló yẹ ká ti dán ẹ̀kọ́ náà wò. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlaròó lọ sí Ìdí-Ìrókò mọ ọ̀kadà tí wọ́n ti tú àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí àpò ìrẹsì gun ara wọn lé e, tí ẹni tó ń gùn ún sún mọ́ iwájú débi pé orí táǹkì ló jókòó sí. Fàyàwọ́ là ń pe òwò yẹn, kí a yọ́ kó ọjà kọjá bodè. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Bí wọ́n ṣe ń rìn ló sọ, àyà nílẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ má baà rí wọn. Bi ìyá tó ń ta ìrẹsì náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ta ló ṣẹ̀, yóò bi ọ́ padà pé ta lòun jà lólè? Ẹni tó tà á ní Ìgolo, ní ìhà Benin, fẹ́ tà, òun fẹ́ rà, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò sì kérora. Ìyá yẹn kò ka Nozick rí.

Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò náà ń gba ọ̀nà kan náà, òun ń lọ ni, ìrẹsì ń bọ̀. Títí di ọjọ́ 29 oṣù Èbìbì 2023, ìjọba ló ń san lára owó epo yẹn, àpò gbogbo wa ni owó náà sì ti ń jáde, títí kan ti tíṣà ní Ayétòrò tí kò ní ọ̀kadà. Nozick fúnra rẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tajà pé báwo ni ọjà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá bi kẹ́ẹ̀gì ìgbà yẹn, owó ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Libertarian yóò ní owó ìrànwọ́ epo ni ẹ̀ṣẹ̀, pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, iye tí à ń ra epo sì fi ju ìlọ́po méjì lọ. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìrẹsì àti epo kì í ṣe ọ̀ràn kan náà, òfin àwọn libertarian fúnra wọn ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn pátápátá ni oṣù Belu 2019, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má gbé epo dé ilé epo kankan tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ará Ìpókíá tí kò fàyàwọ́ rí, tó kàn fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ lọ ata, jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Oṣù Igbe 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdí-Ìrókò padà.

Kì í kúkú ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní owó bodè. Oníbodè ti ń gbà á lẹ́nu odi ìlú tipẹ́. Ààlà yìí ni òyìnbó mú wá: ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Kétu. Nozick ní ohun tí wọ́n bá fi ipá gbà, ó yẹ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ púpọ̀ nípa bí a ṣe máa ṣe é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé lórí ààlà náà ní 1976. Ó ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá kúrò lọ́dọ̀ Faransé bọ́ sí ìhà tiwa, torí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti bí wọ́n ṣe ń kó ọmọkùnrin wọn ṣe sójà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, sísá yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí kí ènìyàn lè dìde kúrò níbi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn wà lára ohun tí àwọn libertarian fẹ́ràn jù. Àmọ́ kì í ṣe igbó tí kò lọ́ba ni wọ́n sá lọ. Ọ̀dọ̀ ìjọba mìíràn ni, èyí tí àjàgà rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.