Kí A Tó Gun Òkè Wartburg: Àlàyé fún Àwọn Òbí, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní àkókò àjọ̀dún bí èyí, ìbéèrè kan a máa jẹyọ láàárín àwọn òbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwa olùkọ́: ibo ni ó yẹ kí àwọn ọmọ wa lọ, kí ojú wọn lè là sí ìtàn ìgbàgbọ́ tí a fi dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀? Ibi tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù lọ ni Wartburg, ilé olódi àtijọ́ tí ó wà lórí òkè ní ìlú Eisenach, ní ilẹ̀ Jámánì. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń gbà, ọmọ díẹ̀ ni yóò sì lè lọ. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ó wà níbẹ̀, bí a ti í dé ibẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí a múra, kí owó tí a ó ná má bàa parí sí àwòrán yíyà lásán, kí ọmọ tí kò bá lọ má sì ṣe dà bí ẹni tí a lé kúrò nídìí àwo.

Ohun tí ó wà lórí òkè náà

Òkè tí Wartburg wà ga tó nǹkan bí 410 mítà sí ojú òkun, ìlú Eisenach sì tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ní 1067 ni ìjòyè kan tí ń jẹ́ Ludwig dá a sílẹ̀. Ní sànmánì agbedeméjì, ẹni tí ó bá ni orí òkè ni ó ni ojú ọ̀nà: yóò rí àlejò àti ọ̀tá láti òkèèrè, yóò sì ti rẹ ọ̀tá kí ó tó dé ẹnu ibodè. Ohun tí orí àpáta kò ní ni omi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò ńlá sí àgbàlá láti máa gbe omi òjò, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń ru ẹrù gòkè. Títí di òní, ní àkókò ooru, àwọn ọmọdé a máa gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sókè.

Ilé tí ó lọ́jọ́ lórí jù nínú odi náà ni ààfin tí wọ́n ń pè ní Palas, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá. Nínú ilé olódi yìí ni Elisabeth, ọmọ ọba ilẹ̀ Hungary, ti gbé. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ Thuringia gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Nígbà tí ìyàn mú ní 1226, ó pín ọkà fún àwọn tálákà, ó sì dá ilé ìtọ́jú aláìsàn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odi. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1227, ó kúrò níbẹ̀, ó sì lọ sí Marburg, níbi tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn títí ó fi kú ní 1231, ní ọmọ ọdún 24.

Ṣùgbọ́n nítorí Martin Luther ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ṣe mọ Wartburg. Ní oṣù Kẹrin 1521, ó dúró níwájú Olú Ọba Charles Karùn-ún ní ìlú Worms, ó sì kọ̀ láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí òfin kò dáàbò bò mọ́. Bí ó ti ń padà bọ̀ wá sílé, ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, àwọn ẹlẹ́ṣin kan dá a lọ́nà nínú igbó, wọ́n sì gbé e lọ bí ẹni pé ọlọ́ṣà ni wọ́n. Àwọn ènìyàn Frederick, aláṣẹ Saxony, ni wọ́n. Ààbò ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó dá irùngbọ̀n sí, ó yí orúkọ padà sí Junker Jörg, ó sì fara pamọ́ sórí òkè náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá.

Níbẹ̀ ni ó ti mú Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Wittenberg ní oṣù Kẹsàn-án 1522. Bíbélì èdè Jámánì ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti túmọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì le létí. Luther ní tirẹ̀ gbà pé ẹni tí yóò túmọ̀ Ìwé Mímọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé àti bí ọlọ́jà ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jà.

Ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú lọ

Àlejò tí kò bá múra lè rò pé bí Luther ti fi odi náà sílẹ̀ ni ó ṣe wà títí di òní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti di ahoro kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe ní 1838. Ilé ìṣọ́ gíga tí ó ní àgbélébùú lórí, èyí tí ó máa ń hàn jù nínú àwòrán, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn àwòrán ìgbésí ayé Elisabeth tí ó wà lára ògiri, Moritz von Schwind ni ó kùn wọ́n ní àwọn ọdún 1850.

Yàrá Luther pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Yàrá kékeré ni, pákó ni ara ògiri rẹ̀, tábìlì kan àti àga kan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn ẹja àbùùbùtán tí wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí àpótí ìtìsẹ̀. Tábìlì náà kì í ṣe èyí tí Luther lò. Àwọn àlejò ayé àtijọ́ ti gé ìyẹn wẹ́wẹ́ lọ sílé wọn. Ìtàn kan tún wà pé ó ju ìgò yíǹkì lu Sátánì, yíǹkì náà sì ta sára ògiri. Àlọ́ lásán ni. Àwọn kan ń kun àbàwọ́n náà, àwọn àlejò ń ha á lọ, títí kò fi sí mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa bi ohun gbogbo tí ó bá rí: ọdún wo ni èyí? Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta 1170, yàrá 1521 àti ilé ìṣọ́ 1850, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn tàn án jẹ nílé pẹ̀lú.

Ètò ìrìn àjò

Kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Kí a kọ́kọ́ yẹ pásípọ́ọ̀tù ọmọ kọ̀ọ̀kan wò: ó gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí wọn yóò kúrò ní Yúróòpù. Físà Schengen ni wọn yóò béèrè fún ní ilé iṣẹ́ aṣojú Jámánì. Òfin gbà kí a béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì yẹ kí ó kù ju ọjọ́ 15 lọ. Ṣùgbọ́n nítorí èrò pọ̀, ẹni tí ó bá fi í falẹ̀ yóò kábàámọ̀. Wọn yóò béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera tí iye rẹ̀ kò dín ní 30,000 yúrò, ìwé ìbí, àti ìwé àṣẹ tí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Bí wọ́n bá kọ̀, owó ìbéèrè náà kì í padà. Kí àwọn òbí gbọ́ èyí kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan.

Àkókò ìsinmi gígùn ni ó dára jù, nítorí ọjọ́ gùn nígbà náà níbẹ̀, òtútù kò sì pọ̀. Láti Frankfurt, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wa dé Eisenach ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Bọ́ọ̀sì wà láti ìlú dé ìsàlẹ̀ odi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a ó fi gun ìyókù, ó sì dagun. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí ó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ fún wa ṣáájú. Kí bàtà jẹ́ èyí tí ó di ẹsẹ̀ mú, kí súẹ́tà kan wà nínú àpò, nítorí atẹ́gùn orí òkè kò mọ oṣù. Afinimọ̀nà ni ó ń mú àlejò wọ inú Palas, èdè Jámánì sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Kí a kọ̀wé béèrè fún ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì gba ààyè sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ wa.

Kí a má ṣe sáré padà ní ọjọ́ kan náà. Luther lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Eisenach láti 1498 sí 1501, ìlú náà ni wọ́n sì bí Johann Sebastian Bach sí ní 1685. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Georgenkirche ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Bach, níbẹ̀ náà ni Luther ti wàásù nígbà tí ó ń bọ̀ láti Worms. Àwọn akọrin wa yóò fẹ́ rí i.

Àwọn tí kò ní lọ

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ká wa lára jù. Bí ọmọ 20 bá lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni yóò kù nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí Wartburg ní í kọ́ni, ẹ̀dà rẹ̀ wà nítòsí wa. Ní nǹkan bí 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé sá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, Abẹ́òkúta sì di ìlú. Ní 1846, Samuel Àjàyí Crowther dé ìlú náà, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà á nípá láti 1821. Wọ́n gba Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, ọdún 300 gééré lẹ́yìn tí Májẹ̀mú Tuntun Luther jáde. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850, nígbà tí ó sì di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa. Òkè ààbò méjì nìyí, iṣẹ́ kan náà sì ni: kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè dé etí ìyá nílé àti ti ọlọ́jà lọ́jà.

Nítorí náà ni a ṣe ń dábàá ohun mẹ́ta. Èkínní, kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gun Olúmọ kí ẹnikẹ́ni tó gun Wartburg. Èkejì, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ẹsẹ Bíbélì kan, kí àwọn ọmọ sọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè tí ìyá ìyá wọn ń sọ, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Oǹdó, kí wọ́n lè mọ ìnira tí ó dojú kọ olùtúmọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi bí àpò bàbá ti wúwo tó yan àwọn tí yóò lọ. Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde bá lè gbé ìdajì owó náà, iṣẹ́ àti ìwà ni a ó fi yan ìdajì àwọn ọmọ náà. Olúkúlùkù tí ó bá lọ yóò gba ìbéèrè mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn tí ó kù nílé, yóò sì dáhùn wọn níwájú kíláàsì nígbà tí ó bá dé.

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọmọ kan bá gun òkè náà lórúkọ gbogbo wa, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò kọ́ wa, a jẹ́ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó dé Wartburg.